Ìdàgbà Ọpọlọ Àwọn Ọ̀dọ́langba: Ọ̀rọ̀ Ìmọ̀ràn fún Àwọn Olùkọ́

Kò sí olùkọ́ tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí tí kò mọ ìyípadà tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ tí ó jẹ́ onígbọràn ní ọdún méjì sẹ́yìn, tí ó máa ń sáré wá gba ẹrù lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, a dédé di aláríyànjiyàn. Bí a bá bá a wí, a fajú ro. Bí a bá rán an níṣẹ́, a gbàgbé. Ní òwúrọ̀ a máa tòògbé lórí ìjókòó. Ní alẹ́ oorun kì í kùn ún. Ohun tí ìyá rẹ̀ sọ kò wọ̀ ọ́ létí mọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ti di àṣẹ. Àwọn òbí a sì wá bèèrè lọ́wọ́ olùkọ́ pé, "Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ó ṣe ọmọ yìí?" Olùkọ́ pàápàá a máa bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan náà.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní ìdáhùn kan ṣoṣo: a ní ọmọ náà ti bàjẹ́, a sì mú pàṣán. Èmi tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí wà lára àwọn tí ó ti dáhùn bẹ́ẹ̀, mo sì ti kábàámọ̀ rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ ṣì jẹ́ tuntun lọ́wọ́ mi, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi, ọmọ ọdún 14. Ó mọ ìṣirò ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò sí òwúrọ̀ kan tí kì í sùn ní wákàtí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Mo nà án lójú gbogbo kíláàsì. Ó dá mi lóhùn. Mo tún nà án sí i nítorí ìdáhùn náà. Báyìí ni a ń bá a lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta kò wá sí ilé-ẹ̀kọ́ mọ́. Nígbà tí mo bèèrè rẹ̀, wọ́n ní ó ti ń gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ èrò ní ibùdókọ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ fi pàṣán wò kì í ṣe ohun tí pàṣán lè wò.

Nítorí náà ni a ṣe kọ ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹ̀yin olùkọ́ má bàa sọ ọmọ nù bí mo ti sọ tèmi nù. Àgbẹ̀ kì í bínú sí àgbàdo nítorí pé kò yọmọ ní oṣù kẹrin. Ó mọ oṣù tí ó gbìn ín, ó sì mọ oṣù tí yóò gbó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí olùkọ́ mọ àkókò tí ọpọlọ ọmọ tí ó jókòó níwájú rẹ̀ wà.

ÌTÓBI ỌPỌLỌ KÌ Í ṢE GBÍGBÓ RẸ̀

Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ọ̀dọ́langba sí ẹni tí ó wà láàárín ọdún 10 sí 19. Ní ilẹ̀ wa, èyí ni ìgbà tí ọmọ ń parí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí yóò fi jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì. Gbogbo ènìyàn ni ó ń rí ìyípadà ara rẹ̀: ohùn ọmọkùnrin a nípọn, ọmọbìnrin a yọ ọyàn, aṣọ tí a rán ní ọdún tí ó kọjá a kúrú mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n ìyípadà mìíràn ń lọ nínú agbárí, níbi tí ojú kò tó.

Àwọn ènìyàn máa ń rò pé bí orí bá ti tóbi tó ti àgbà, ọpọlọ inú rẹ̀ ti gbó nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá fi máa pé ọdún 6, ọpọlọ rẹ̀ ti tó nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ti àgbàlagbà. Síbẹ̀, ta ni yóò fi ilé àti oko sílẹ̀ fún ọmọ ọdún 6 láti ṣàkóso? Àwọn bàbá wa ní, bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọpọlọ ọmọ ti ní aṣọ. Àkísà ni kò tíì ní.

Báwo ni a ṣe mọ èyí? Ní ayé àtijọ́, òkú nìkan ni àwọn oníṣègùn lè yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò. Ní ọdún 1979, dókítà kan ní Yunifásítì Chicago ní Amẹ́ríkà, Peter Huttenlocher, ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí ó rí nígbà tí ó ka àwọn ojú ibi tí àwọn fọ́nrán ọpọlọ ti ń pàdé ara wọn, lára òkú ọmọdé àti ti àgbà. Ó rí i pé ní apá iwájú ọpọlọ, ti ọmọdé pọ̀ ju ti àgbà lọ púpọ̀, àti pé wọ́n ń dín kù bí ọmọ ti ń lọ sí ìgbà ọ̀dọ́. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rọ kan dé tí ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú orí ẹni tí ó wà láàyè, láìlo ọ̀bẹ, láìsí ìrora. Láti ọdún 1991, Jay Giedd àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà lórí ìlera ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀rọ yìí ya àwòrán ọpọlọ àwọn ọmọ, wọ́n sì ń pe àwọn ọmọ náà padà lẹ́yìn ọdún mélòó kan láti tún un yà. Ní ọdún 1999 wọ́n kéde pé apá iwájú ọpọlọ ń nípọn sí i títí di nǹkan bí ọdún 11 fún ọmọbìnrin àti ọdún 12 fún ọmọkùnrin, lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́lẹ́ díẹ̀díẹ̀. Èyí ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu, nítorí wọ́n ti rò pé iṣẹ́ kíkọ́ ọpọlọ ti parí ní ìgbà èwe.

IṢẸ́ MẸ́TA TÍ Ń LỌ NÍNÚ AGBÁRÍ

Iṣẹ́ kìíní ni gígé. Àìmọye ẹyọ kéékèèké, tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì, ni a fi dá ọpọlọ, wọ́n sì ń ránṣẹ́ sí ara wọn ní àwọn oríta tí a sọ lókè yìí. Ní ìgbà èwe oríta wọ̀nyí pọ̀ ju ohun tí a nílò lọ. Bí ọmọ ti ń dàgbà, àwọn tí ó ń lò a máa lágbára sí i, àwọn tí kò lò a sì máa parẹ́. Ẹni tí ó ní oko kòkó mọ̀ nípa èyí. Bí kò bá gé àwọn ọ̀mùnú tí ń rú jáde lára igi, oúnjẹ tí ó yẹ kí ó lọ sí èso a pín sára ewé. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé fífẹ́lẹ́ tí ọpọlọ ń fẹ́lẹ́ jẹ́ àdánù. Gígé tí ń mú èso wá ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ńlá wà níbẹ̀ fún olùkọ́: ohun tí ọ̀dọ́langba ń ṣe lójoojúmọ́ ni ọpọlọ rẹ̀ ń tọ́jú fún un. Ẹni tí ń kàwé, tí ń ṣe ìṣirò, tí ń lu ìlù, tí ń fi ọwọ́ ṣe nǹkan, ń sọ ọ̀nà wọ̀nyí di ọ̀nà gbòòrò. Ẹni tí ìjà àti ìranù jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ń la ọ̀nà tirẹ̀ pẹ̀lú. Èyí kò wí pé ẹni tí ó bá kọjá ìgbà yìí kò lè kọ́ ohun tuntun mọ́; àgbà ń kọ́ ẹ̀kọ́ títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Ohun tí a ń wí ni pé ilẹ̀ rọ̀ ní àkókò yìí, ọkọ́ sì ń wọlé.

Iṣẹ́ kejì ni wíwé. Ara ń fi ọ̀rá funfun kan wé àwọn fọ́nrán gígùn tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ láti ibì kan dé ibòmíràn. Fọ́nrán tí a bá ti wé báyìí lè gbé iṣẹ́ tí a rán an ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ju èyí tí a kò wé lọ ní ìyára. Ẹni tí ó ti fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà ẹ̀bùrú inú igbó, tí ó sì ti wọ ọkọ̀ lórí ọ̀nà ọ̀dà, yóò mọ ìyàtọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n a kì í da ọ̀dà sí gbogbo ọ̀nà lọ́jọ́ kan náà. Àwọn apá tí ó wà fún rírí, gbígbọ́ àti rírìn ni a kọ́kọ́ ń ṣe. Apá tí ó wà lẹ́yìn iwájú orí ni a ń ṣe kẹ́yìn, kì í sì í parí títí ènìyàn yóò fi lé ní ẹni ogún ọdún dáadáa, àní títí di nǹkan bí ọdún 25.

Iṣẹ́ kẹta ni ó ń da olùkọ́ láàmú jù, nítorí pé ohun méjì tí ó yẹ kí ó jọ rìn kò jọ bẹ̀rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ inú ọpọlọ ni ibùjókòó ìdùnnú, ìfẹ́ nǹkan, ẹ̀rù àti ìbínú wà. Nígbà tí ọmọ bá bàlágà, àwọn oje tí ara ń sun ní ìgbà náà a ta apá yìí jí gìrì: adùn a dùn sí i, ìtìjú a ta sí i, ìbínú a yára dé. Ṣùgbọ́n apá iwájú, tí ń wí pé "dúró, kí ni yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ?", a máa rọra dàgbà ní tirẹ̀. Ẹṣin ti dé. Ìjánu ṣì wà lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tí apá iwájú yìí ń ṣe fún ènìyàn, kí ó gbọ́ ìtàn Phineas Gage. Olórí òṣìṣẹ́ ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin ni ní ìpínlẹ̀ Vermont ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 13 oṣù September ọdún 1848, ẹ̀tù bú gbàmù lójú rẹ̀, ọ̀pá irin gígùn kan sì gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé, ó gba àtàrí jáde. Kò kú. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń rìn, ó sì rántí orúkọ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n John Harlow, dókítà tí ó tọ́jú rẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkùnrin tí ó ti jẹ́ elétò àti onílàákàyè tẹ́lẹ̀ di oníwàra àti ẹlẹ́nu búburú, tí kì í dúró lórí ìpinnu kan. Irin náà ti ba apá iwájú ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ó lọ sí ilẹ̀ Chile, ó sì ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin akérò níbẹ̀, iṣẹ́ tí ó gba ìfọkànsí lójoojúmọ́. Ẹ kíyè sí i: ọ̀dọ́langba kì í ṣe ẹni tí irin gún lórí. Kò sí ohun tí ó sọnù lára rẹ̀. Ohun tí Gage ní tí jàǹbá bà jẹ́ ni tirẹ̀ tí a ṣì ń kọ́ lọ́wọ́.

ÌDÍ TÍ WỌ́N FI Ń TẸ̀LÉ ẸGBẸ́

Ní ọdún 2005, Margo Gardner àti Laurence Steinberg ti Yunifásítì Temple ní ìlú Philadelphia kọ ìwé nípa ìdánwò kan tí wọ́n ṣe. Wọ́n fi àwọn ènìyàn sí iwájú kọ̀ǹpútà láti wa ọkọ̀ eré. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń lọ sí i ni èrè ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tètè dúró nígbà tí iná ojú pópó bá yípadà lè kọlu ògiri, kí ó sì pàdánù. Ọ̀wọ́ mẹ́ta ni wọ́n: àwọn ẹni ọdún 13 sí 16, àwọn ẹni ọdún 18 sí 22, àti àwọn tí ó ti pé ọdún 24 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí olúkúlùkù dá wà, ìyàtọ̀ wọn kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹ́ wọn dúró tì wọ́n tí ń wò wọ́n, ìwà ewu àwọn ọ̀dọ́langba di ìlọ́po méjì. Ti àwọn ọ̀wọ́ kejì fi nǹkan bí ìdajì lé sí i. Ti àwọn àgbà kò yípadà rárá.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ronú sí èyí dáadáa. Ọmọ náà mọ̀ pé ògiri wà níbẹ̀. Àìmọ̀ kọ́ ni ó ń dà á láàmú. Ojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Ìwádìí mìíràn tí a kéde ní ọdún 2019, tí a ṣe láàárín àwọn ènìyàn tí ó ju 5,000 lọ ní orílẹ̀-èdè 11, tí Kenya jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, fi hàn pé nígbà tí ọmọ bá tó nǹkan bí ọdún 16, ó lè fi ara balẹ̀ ro ọ̀rọ̀ bí àgbà ti ń rò ó. Ṣùgbọ́n kíkó ara ẹni níjàánu nígbà tí ara bá gbóná kì í pé títí di ẹ̀yìn ọdún 18. Nítorí náà ni ọmọ fi lè dáhùn gbogbo ìbéèrè nípa ewu ọtí nínú ìdánwò, kí ó sì mu ún ní òde àríyá ní ọ̀sẹ̀ kan náà.

Nígbà yìí ni mo tó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín èmi àti ọmọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe èmi ni ó ń dá lóhùn lọ́jọ́ náà. Ogójì ojú tí ń wò ó ni ó ń dá lóhùn. Bí mo bá ti pè é sí abẹ́ igi lẹ́yìn ẹ̀kọ́, bóyá ìbá sọ ohun tí ó ń ṣe é fún mi.

Àwọn bàbá wa kò ní ẹ̀rọ òòfà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ agbára ẹgbẹ́. Nítorí náà ni wọ́n fi ń kó àwọn ọ̀dọ́ ìlú jọ ní ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, tí wọ́n sì ń yan bàbá ẹgbẹ́ àti ìyá ẹgbẹ́ lé wọn lórí. Wọn kò tú ẹgbẹ́ ká. Wọ́n fi àgbà sí àárín rẹ̀. Ọgbọ́n yìí kò tíì gbó.

Ọ̀RỌ̀ OORUN

Mary Carskadon ti Yunifásítì Brown ní Amẹ́ríkà ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo oorun àwọn ọ̀dọ́. Òun àti àwọn mìíràn rí i pé nígbà tí ọmọ bá bàlágà, aago inú ara rẹ̀ a sún síwájú. Oje tí ń sọ fún ara pé ilẹ̀ ti ṣú, tí à ń pè ní mẹlatónìn, a máa pẹ́ kí ó tó jáde ju ti ìgbà èwe lọ. Nítorí náà ọmọ tí ó ti máa ń sùn ní aago mẹ́jọ alẹ́ kò ní rí oorun sùn títí di aago mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá. Bí ó bá sì di ẹ̀rọ alágbèéká mú nínú òkùnkùn, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a tún lé oorun síwájú sí i.

Ṣùgbọ́n oorun tí ara rẹ̀ ń bèèrè kò dín kù tó bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà oorun ní Amẹ́ríkà kéde ní ọdún 2016 pé ẹni ọdún 13 sí 18 nílò wákàtí 8 sí 10 ní alẹ́ kan. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ọmọ tí ó sùn ní aago mọ́kànlá, tí ó jí ní aago márùn-ún láti pọn omi àti láti gbálẹ̀ kí ó tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, sùn fún wákàtí 6. Ó jẹ gbèsè wákàtí 2, ó kéré tán. Ní òpin ọjọ́ márùn-ún ẹ̀kọ́, gbèsè náà di wákàtí 10, èyí tí ó tó oorun òru kan gbáko. Nínú oorun yìí ni ọpọlọ sì ti ń to ẹ̀kọ́ ojúmọ́ sí ipò, bí ìyàwó ilé ti ń to igbá rẹ̀ lẹ́yìn ọjà. Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ láìsùn dà bí omi tí a bù sínú ajere.

Mo gbọ́ nígbà tí ó ti pẹ́ jù pé ìyá ọmọkùnrin náà ń ta oúnjẹ ní ọjà alẹ́. Òun ni ó ń bá a ru igbá wálé lẹ́yìn aago mẹ́wàá, òun náà ni ó sì ń jí lọ pọn omi kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo pè é ní ọ̀lẹ. Kò sí ọ̀lẹ nínú ilé wọn.

OÚNJẸ ÀTI OHUN TÍ Ń BA ỌPỌLỌ JẸ́

Ọmọ tí ń dàgbà kíákíá nílò ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ sì nílò èròjà irin tí ó wà nínú oúnjẹ. Ọmọbìnrin tí ó ti ń rí nǹkan oṣù rẹ̀ nílò rẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí èròjà yìí bá dín, àárẹ̀ a dé, ọkàn kò sì ní lè dúró lórí ẹ̀kọ́. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tútù, ẹja àti ẹran ní i. Bí a bá sì jẹ ọsàn tẹ̀lé ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́, ara a túbọ̀ rí i gbà. Kí òbí má ṣe jẹ́ kí ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ láìfi nǹkan kan inú.

Ní ti ọtí, igbó, tramadol àti oògùn ikọ́ tí ó ní codeine nínú, kí olùkọ́ sọ òtítọ́ rẹ̀ fún àwọn ọmọ láìfi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ọpọlọ tí a ṣì ń kọ́ dà bí ògiri amọ̀ tí kò tíì gbẹ: òjò tí kò lè ṣe ilé àgbà ní nǹkan lè wó o. Ibi tí ìdùnnú ń gbé, tí a sọ pé ó ti jí gìrì, ni oògùn wọ̀nyí ń lọ tààrà, nítorí náà ni wọ́n fi ń tètè sọ ọ̀dọ́ di ẹrú. Ní ọdún 2018 ni ìjọba Nàìjíríà fi òfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ oní-codeine àti kíkó o wọlé, lẹ́yìn tí a ti rí iye ọ̀dọ́ tí ó ń bàjẹ́.

KÍ NI KÍ OLÙKỌ́ ṢE?

1. Bá ọmọ wí ní ìkọ̀kọ̀. Ọ̀rọ̀ tí yóò gbà ní abẹ́ igi, kò ní gbà á lójú ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, jẹ́ kí ó tutù kí o tó sọ̀rọ̀. Bí ara ìwọ olùkọ́ bá gbóná, dúró pẹ̀lú.

2. Kọ́kọ́ bèèrè kí o tó dá a lẹ́bi. "Aago mélòó ni o sùn lánàá? Kí ni o jẹ ní òwúrọ̀?" Ìbéèrè méjì yìí ìbá ti gba ọmọ kan là lọ́wọ́ mi.

3. Sọ ìdí òfin. Ọmọdé lè gba òfin nítorí pé àgbà ni ó sọ ọ́. Ọ̀dọ́langba fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, ìfẹ́ yìí kì í sì í ṣe àfojúdi. Ọpọlọ tí ń kọ́ bí a ti ń ronú ni.

4. Pín iṣẹ́ ńlá sí wẹ́wẹ́. Má ṣe wí pé, "Ẹ mú ìwé náà wá ní òpin oṣù." Sọ ohun tí yóò parí ní ọ̀sẹ̀ yìí, àti ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ètò ṣíṣe jẹ́ iṣẹ́ apá iwájú ọpọlọ. Yá a ní tìrẹ títí tirẹ̀ yóò fi gbó.

5. Jẹ́ kí wọ́n máa rántí, kì í ṣe kí wọ́n máa kà nìkan. Ní ọdún 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke fi hàn ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó pa ìwé dé tí wọ́n sì gbìyànjú láti kọ ohun tí wọ́n rántí, mọ ẹ̀kọ́ náà ju àwọn tí ó kàn tún un kà. Ìṣẹ́jú márùn-ún ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tó fún èyí, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀.

6. Lo ẹgbẹ́ fún rere. Fún wọn ní oko ilé-ẹ̀kọ́, eré ìdárayá, ìlù, àti iṣẹ́ àjọṣe tí wọn yóò fi ṣògo níwájú ara wọn. Jẹ́ kí ọmọ ńlá kọ́ ọmọ kékeré. Ẹni tí ń wá ìyìn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò rí i níbì kan. Kí olùkọ́ rí i pé ibi rere ni.

7. Fi ẹ̀kọ́ tí ó le sí ààrin òwúrọ̀ bí ó bá ṣeé ṣe, má sì fi iṣẹ́ àṣetiléwá jẹ oorun wọn.

8. Mọ ìyàtọ̀ láàárín àkókò àti àìsàn. Ọ̀pọ̀ àìsàn ọkàn ni ó ń bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà yìí. Bí ìbànújẹ́ ọmọ bá lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, tí kò jẹun, tí ó yẹra fún gbogbo ènìyàn, tí ó ń sọ̀rọ̀ ikú, tàbí tí ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, má ṣe pè é ní ìwàkiwà. Bá àwọn òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

KÍ A MÁ ṢE ṢÌ Í LÓYE

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àwáwí fún ìwà búburú. A kò sọ pé ọ̀dọ́langba kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu. A sọ pé ó ń kọ́ ọ ni, ẹni tí ń kọ́ nǹkan sì nílò olùkọ́ ju ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n lọ. Ọmọ tí ó jalè yóò dá nǹkan padà. Ẹni tí ó bú ènìyàn yóò tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n kí ìyà jẹ́ èyí tí ń kọ́ni, kí ó má jẹ́ èyí tí ń lé ni lọ.

Pẹ̀lúpẹ̀lù, kí a má ṣe fi òṣùwọ̀n kan wọn gbogbo ọmọ. Ọmọbìnrin a máa tètè bàlágà ju ọmọkùnrin lọ, àwọn ọmọ ìyá kan náà kò sì jọ gbó lọ́jọ́ kan. Àwòrán ọpọlọ ń sọ nípa ọ̀pọ̀ ọmọ lápapọ̀; kò lè sọ irú ẹni tí ọmọ kan jẹ́. Olùkọ́ tí ó mọ ọmọ rẹ̀ ni ó lè sọ ìyẹn.

Agbára tí ń mú kí ọ̀dọ́ fẹ́ gbìyànjú ohun tuntun, kí ó dúró ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí ó má sì gba irọ́, òun náà ni ó ń mú un fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lọ́la láti dá oko tirẹ̀. Àgbẹ̀ kì í gé ìtàkùn iṣu nítorí pé ó ń yára rìn. Igi ni ó ń rì mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó rí ohun gùn. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, kí a fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra. Ọdún ìtàkùn kì í gùn. Bí ìkórè bá dé, àgbẹ̀ tí ó fi sùúrù dúró ti ebè rẹ̀ ni yóò mọ ohun tí ó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀.